Omi Bo Orí, Bàbá Mi Pè É ní Ìbàdí

Ní Peckham níbí, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó jẹ́ odò nígbà kan. Ọkọ̀ a máa kó pákó gba ibẹ̀ kọjá láyé àtijọ́, kí ìjọba tó fi erùpẹ̀ dí i pa. Omi ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n afárá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èèyàn á máa gba abẹ́ afárá kọjá lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á máa sáré kọjá, ajá á máa tọ̀ sára ògiri. Bàbá mi fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo London lọ. Láàárọ̀, nígbà tí ìkùukùu bá ṣì wà lórí koríko, wọ́n á mú ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, wọ́n á ní kí n jẹ́ ká lọ. Àárín gbùngbùn ọ̀nà ni wọ́n máa ń rìn. Bí mo bá ní, "Bàbá, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, oníkẹ̀kẹ́ ń bọ̀," wọ́n á ní, "Àárín ló jìn. Ẹ̀gbẹ́ ò lómi." Èmi á pòṣé, n ó sì fà wọ́n lápá.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: inú tètè máa ń bí mi, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ilẹ̀ ọsibítù ni mò ń nù, ṣíìfù àárọ̀, ó ti lé lógún ọdún. Ẹni tó bá ń jí ní agogo mẹ́rin láti lọ nu ẹ̀jẹ̀ àti èébì kò ní sùúrù fún àlá. Bàbá mi ní tiwọn, àlá ni wọ́n fi ń jẹun. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni mo lọ mú wọn wá láti Jẹ́bà, níbi tí wọ́n bí wọn sí létí Odò Ọya. Fúláàtì mi wà ní àjà kẹta. Òjò á máa rọ̀ lójú pópó, Bàbá á jókòó ti fèrèsé, wọ́n á máa wo omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí tíì wọn á fi tutù. Bí mo bá ní kí ni wọ́n ń wò, wọ́n á ní, "Ó ń kún." Háà, London wo ló ń kún?

Mo mọ̀ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ nínú sítímà kan ní Odò Ọya nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, àwọn ológun gba ọkọ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ ogun. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Bí mo bá béèrè sí i, wọ́n á ní ooru ń mú wọn, àní nínú oṣù Kejìlá.

Lọ́dún tí físà Mẹ́kà wọn jáde, inú wa dùn dé ibi pé mo se ìrẹsì fún gbogbo àwọn tá a jọ ń nu wọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá dàgbà láàárín Mùsùlùmí mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ sọ́rùn lọ. Ó gbọ́dọ̀ wá gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀ kàn, kó sì ní, "Ẹ foríjì mí." Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é lórí fóònù báyìí, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí igba èèyàn, ó parí. Bàbá mi ní ìyẹn ò kúnjú ìwọ̀n. Ẹsẹ̀ àwọn làwọn máa fi rìn ín, ojú làwọn máa fi rójú.

Ìyá Jàmáíkà kan ló ń gbé nísàlẹ̀ wa. Bàbá kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tiwọn sọ pé àwọn wá tọrọ àforíjì. Ìyá náà ní, "Kí lẹ ṣe fún mi?" Bàbá ní àwọn ò mọ̀, bóyá ariwo ẹsẹ̀ àwọn ní ìdájí tí àwọn bá ń ṣe àlùwàlá. Ìyá náà ronú díẹ̀. Wọ́n ní lóòótọ́ ni ariwo náà máa ń jí àwọn, àwọn sì ti ń ṣépè fún àjà orí àwọn láti ọdún yìí wá, nítorí náà kí Bàbá náà foríjì àwọn. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ojú wọn kún fún omijé. Èmi dúró tì wọ́n, mo gbé báàgì ẹran lọ́wọ́. A lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, a lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn, àní a dúró de awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí Bàbá bú ní Yorùbá lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni bú òun.

Nígbà tó kàn mí, Bàbá ní kí n jókòó. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí mo nà ọ́ nítorí gíláàsì àtùpà, ìwọ kọ́ lo fọ́ ọ. Pàṣán ò tíì dé ìdajì tí mo ti mọ̀, mo kàn ń nà ọ́ lọ ni." Mo ní mi ò rántí. Irọ́ ni, mo rántí rẹ̀ dáadáa, mo rántí àwọ̀ aṣọ tí mo wọ̀. Mo ní mo ti foríjì wọ́n, mo wọ balùwẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí bàálù gbéra. Mo ti ra báàgì aláwọ̀ ewé tó ní táyà lẹ́sẹ̀, mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, báàgì ṣófo. Mo dé lọ́jọ́ kejì, ó ṣófo. Lọ́jọ́ kẹta mo ní, "Bàbá, ṣé èmi ni mo máa ká ṣòkòtò yín ni?" Wọ́n ní, "Mi ò lọ mọ́."

Inú bí mi. Mo ní kí ló dé, ta ló sọ kí ni, ṣé ara ò yá ni, ṣé àwọn ọmọ mọ́sáláṣí ló tún sọ̀rọ̀ burúkú ni? Mo ka gbogbo bí mo ṣe ń sáré kiri nítorí ìrìnàjò yìí fún wọn. Bàbá jẹ́ kí n pariwo tán. Wọ́n ní, "Ó ku ẹnì kan tí mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mi ò bá rí ti ẹni yẹn gbà, àsán ni Mẹ́kà tí mo bá lọ. Mi ò sì lè lọ bá a." Wọ́n mú ọ̀pá ìtilẹ̀. Wọ́n ní ká lọ sí ọ̀nà tí kò lómi mọ́.

Orí bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn afárá ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Oòrùn wà, ṣùgbọ́n oòrùn ibí yìí tí kì í mú ara gbóná ni. Ewé ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo gbàgbé pé mo fẹ́ jà.

Bàbá ní funfun ni ọkọ̀ náà, funfun báláú, alájà méjì, àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbọ́n omi sókè. Iṣu ló ń kó, àti epo, àti ewúrẹ́, àti ìyàwó tuntun tó ń lọ ilé ọkọ. Iwájú pátápátá ni iṣẹ́ tiwọn wà. Ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n ń tì bọ omi, wọ́n á sì máa ké bí omi ṣe jìn tó sí ọ̀gá ọkọ̀ tó wà lókè, nítorí iyanrìn inú odò náà kì í dúró sójú kan. Ara èèyàn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. "Ó dé orúnkún!" "Ó dé ìbàdí!" "Ó dé àyà!" "Ó bo orí!" Bí ó bá bo orí, kí ọkọ̀ máa lọ. Bí ó bá jẹ́ ìbàdí, kí ọkọ̀ yí padà kíákíá, torí ó máa gúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ọ̀gá ọkọ̀ kì í wo omi fúnra rẹ̀. Ohùn Bàbá ló ń wò.

Ìlú kan wà ní ìsàlẹ̀ odò tí ọkọ̀ kì í kọjá láìdúró. Bí wọ́n bá dé ibi tí odò ti ṣẹ́rí kí wọ́n tó yọ sí ìlú náà, ẹni tó ń bójú tó iná á fa okùn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlú á gbọ́. Kí ọkọ̀ tó yọ, àwọn obìnrin á ti gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ sétí omi, àwọn ọmọ á ti máa jó. Bàbá ní àwọn ti sùn níbẹ̀ tó ìgbà tí àwọn ò lè kà, àwọn mọ ilé tí wọ́n ti ń se àkàrà àti ilé tí ajá rẹ̀ ń gé èèyàn jẹ.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Àwọn ológun fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kun ọkọ̀ funfun. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ yí àjà ìsàlẹ̀ ká, wọ́n to àpò iyanrìn síbi tí àwọn èrò ń tẹ́ ẹní sí, wọ́n sì gbé ìbọn ńlá kan síwájú, níbi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ tó, ìbọn náà ń rùn bí òbúkọ títí ogun fi parí. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan náà ni àwọn ológun ń lò, torí kò sí ẹlòmíràn tó mọ odò náà. Sójà kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ Yorùbá ló ń yin ìbọn ńlá. Ọ̀pọ́n kan náà ni òun àti Bàbá fi ń jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní òpin òjò tí omi ti ń fà, àṣẹ dé pé kí ọkọ̀ lọ sí ìlú náà, kí wọ́n dúró síwájú etídò, kí wọ́n yìnbọn sí i. Wọ́n ní ọ̀tá wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní kẹ́nikẹ́ni má mí. Ìkùukùu bo odò, kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ń yí jẹ́jẹ́. Wọ́n dé ibi tí odò ti ṣẹ́rí, ẹni tó ń bójú tó iná sì na ọwọ́ sókè, ó fa okùn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kò mọ̀ọ́mọ̀," Bàbá ní. "Ọdún méje ló fi ń fà á níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò bi í kó tó lọ."

Ọ̀gá gbá a létí, ṣùgbọ́n fèrè ti dún. Nígbà tí ìkùukùu ká díẹ̀, Bàbá rí wọn létí omi. Àwọn obìnrin ti gbé igbá dé. Àwọn ọmọ ń jó, wọ́n ń juwọ́. Ọkùnrin kan fa àgbò lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ọkọ̀ gbẹ̀yìn, wọ́n rò pé ogun ti parí. Wọ́n rí àwọ̀ tuntun náà, wọ́n rò pé wọ́n tún un kùn ni.

Odò pín sí méjì níwájú ìlú. Ọ̀kan gba iwájú etídò lọ, èkejì gba ẹ̀yìn erékùṣù iyanrìn. Bàbá ti ọ̀pá bọ ti iwájú etídò. Ó wọlé, ó ń wọlé lọ, títí ọwọ́ wọn fi kan omi. Ó bo orí. Bàbá sì ké sókè pé, "Ìbàdí! Ìbàdí! Ìbàdí!"

Ọ̀gá yí ọkọ̀ padà. Wọ́n gba ẹ̀yìn erékùṣù, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, kò sì kúrò fún ọjọ́ méjì. Àwọn tó wà nínú igbó òdìkejì ń yìnbọn sí wọn. Èèyàn mẹ́ta kú. Ọta bọ́ sí ẹsẹ̀ sójà tó ń yin ìbọn ńlá, Bàbá ló fi aṣọ ara wọn dì í, wọ́n sì ń sọ fún un pé yóò tún rìn. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn wá fà wọ́n kúrò, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò sì padà sínú ọkọ̀ mọ́ láéláé. Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa.

"Ìlú yẹn bọ́," wọ́n ní. "Ìyẹn nìkan ni mo fi ń sùn. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta ni mo fi rà á, àti ẹsẹ̀ ẹni tá a jọ ń jẹun. Mi ò sì bi wọ́n kí n tó rà á."

Mo béèrè bóyá sójà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fara gbọta náà ṣì wà láyé.

Bàbá ní, "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Òun ló ń pín ìwé ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníṣu."

Yéè! Mo mọ̀ wọ́n. Gbogbo Peckham ló mọ̀ wọ́n. Bàbá arúgbó kan ni, tí ẹsẹ̀ òsì wọn jẹ́ èyí tí ọsibítù ṣe fún wọn, tí wọ́n máa ń ti Sydenham wá ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì láti wàásù Jésù ní òpópónà Rye Lane. Ọdún mẹ́wàá ni Bàbá mi ti ń fi títì sáàárín ara wọn àti Bàbá Sydenham yìí. Bí a bá ti ń dé ọ̀dọ̀ oníṣu, wọ́n á ní ká sọdá. Èmi sì rò pé nítorí ìwé Jésù náà ni! Mo ti tìtorí rẹ̀ pe Bàbá ní aláìfẹ́-ẹ̀sìn-ẹlẹ́sìn níṣojú àlejò. Wọ́n kàn wò mí lọ́jọ́ náà.

Bàbá bẹ̀ mí pé kí n má lọ bá wọn. Mo ní mo gbọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo bọ́ síta níbi iṣẹ́, mi ò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ oníṣu. Bàbá Sydenham fún mi ní ìwé, wọ́n ní Jésù fẹ́ràn mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wà nínú sítímà Odò Ọya nígbà ogun?"

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n di apá mi mú, ọwọ́ wọn le ju ti ọ̀dọ́ lọ. "Ta ló bí ọ?" Mo sọ fún wọn pé ẹni tó di ọ̀pá mú níwájú ló bí mi. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo iwájú orí mi, wọ́n ní, "Hẹn-ẹn. Iwájú orí rẹ̀ nìyí lóòótọ́." Wọ́n ní ká máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì kọ àdírẹ́sì sẹ́yìn ìwé Jésù kan.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní, "O ò gbọ́ràn láti kékeré," wọ́n sì dìde lọ fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọn.

Bọ́ọ̀sì méjì la wọ̀ dé Sydenham. Bàbá wọ agbádá funfun tí wọ́n rán fún Mẹ́kà, mo ní ó máa dọ̀tí, wọ́n ní kó dọ̀tí. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, mo ń rí ètè wọn tó ń mì, mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni wọ́n ń kọ́.

Bàbá Sydenham ṣílẹ̀kùn fúnra wọn. Fúláàtì ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, ìjọba ìbílẹ̀ ló ṣe irin ìdìmú sára ògiri fún wọn. Àwọn àgbà méjì náà wo ara wọn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ba, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún wọn ń ró gbàgà. Bàbá Sydenham ní, "Ẹ gbà mí o! Má dọ̀bálẹ̀, jọ̀ọ́. Bí o bá lọlẹ̀, ta ló máa gbé ọ dìde? Èmi ẹlẹ́sẹ̀ kan, àbí ọmọdébìnrin yìí?" Èmi ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Wọ́n ń pe Bàbá mi ní ìwọ, bí ẹgbẹ́ ṣe ń pe ẹgbẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe bàbá mi ní ìwọ, ó ṣe mí ní bákan.

Bàbá kọ̀, wọn ò jókòó. Wọ́n di ẹ̀yìn àga mú, wọ́n ní, "Ọjọ́ yẹn, mo ké ìbàdí. Kò dé ìbàdí. Ó bo orí. Irọ́ ni mo pa, irọ́ náà ló gbé wa lọ sórí iyanrìn, òun ló gba ẹsẹ̀ yín. Mò ń lọ sí Mẹ́kà. Ẹ foríjì mí."

Níta gbangba, ọmọdé kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, ó ń ró kú, kú, kú. Mo ka ìró náà dé mẹ́tàdínlógún. Mo ń sọ nínú mi pé bí bàbá yìí bá bú bàbá mi, n ó dáhùn, Ọlọ́run á foríjì mí.

Bàbá Sydenham ní, "Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà, kò ju apá méjì lọ sí ọ. Mo rí ọ̀pá. Mo rí i tí omi dé ọwọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé irọ́ lo ń ké." Wọ́n nu ojú. "Mo rí àwọn ọmọ yẹn náà. Mo ní nínú mi pé, Olúwa, jẹ́ kó tún un ké. O sì tún un ké. Ẹsẹ̀ tèmi? Mo ti foríjì ọ́ kí wọ́n tó gé e."

Bàbá mi jókòó lójijì bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn mẹ́ta yẹn ńkọ́?"

"Ti àwọn mẹ́ta kò sí lọ́wọ́ mi. Mi ò lè fi ohun tí kì í ṣe tèmi tọrẹ."

"Mo mọ̀. Ọ̀dọ̀ Ẹni tó ni wọ́n ni mò ń gbé e lọ." Bàbá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè, ohùn wọn ò jáde dáadáa: "Ìlú náà ńkọ́? Ẹ gbọ́ nǹkan nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí mo kúrò?"

Bàbá Sydenham ní, "Ìlú náà wà. Kò sí ohun tó ṣe é."

Bàbá mi sunkún. Mi ò rí i rí, àní nígbà tí ìyá mi kú. Ẹkún wọn kò ní ariwo, ó kàn ń ṣàn. Wọ́n ń sọ pé Alhamdulilahi, Bàbá Sydenham ń sọ pé Halelúyà, kò sì sí èyí tó dá ẹnìkejì dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òbúkọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn, wọ́n ń pe orúkọ odò àti erékùṣù tí mi ò mọ̀, mo sì jókòó láàárín wọn, ó ń ṣe mí bí ẹni pé yàrá náà ń léfòó lọ.

Bàbá Sydenham ní kí n wá bá àwọn gbé tíì. Ilé ìdáná wọn kéré, èèyàn méjì ni ó gbà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n tan kẹ́tù. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Mo parọ́ fún bàbá rẹ," wọ́n ní. "Ọkọ̀ yẹn padà lọ sí ìlú náà ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹlòmíràn ló di ọ̀pá mú. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi nídìí ìbọn, ọta bà á lẹ́yìn ìgbà náà, bẹ́ẹ̀dì tó kàn mí ni wọ́n gbé e sí. Òun ló sọ fún mi."

Mo ní, "Àwọn ará etídò ńkọ́?"

Wọ́n wo kẹ́tù. "Wọ́n gbọ́ fèrè," wọ́n ní. "Wọ́n tún sọ̀kalẹ̀ wá juwọ́."

Ìbínú gbé mi. Mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìjà ni mò ń jà. Mo ní kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ fún mi? Kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ parọ́ tán, ẹ parọ́ ire, kí ló dé tẹ́ ò fi jẹ́ kó tán síbẹ̀?

"Torí mi ò lè dá a gbé mọ́, ọmọ mi," wọ́n ní. "Àádọ́ta ọdún ó lé ni mo ti ń gbé e. Foríjì mí."

Mo gbé tíì jáde. Díẹ̀ dà sórí agbádá Mẹ́kà, Bàbá ní kò ṣe nǹkan kan.

Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé orí lé èjìká mi, wọ́n sùn. Wọ́n fúyẹ́. Láti Sydenham dé Peckham, mi ò gbé èjìká náà kúrò. Wọ́n ká ẹrù wọn fúnra wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì tún gbogbo ẹrù náà tú nítorí sálúbàtà kan ṣoṣo. Èmi ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń nu ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò ó pé n ó sọ. Ìgbà mìíràn mo rò ó pé ẹni tó ń lọ bẹ Ọlọ́run nítorí òkú mẹ́ta, tí òkú ìlú náà kò sì lóǹkà, ó yẹ kó mọ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á gbójú sókè, ojú wọn á mọ́lẹ̀, èmi á ní ṣé wọ́n ti jẹun.

Ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ pé jọ sójú kan, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, àwọn ọmọ ń gbá wọn mọ́ra. Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹrù kò ti ní kọ lù wá. Wọ́n ní, "Bóyá n ó dé, bóyá mi ò ní í dé. Gbogbo ohun tí o ṣe fún mi, èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí mi ò mọ̀, mo ti foríjì ọ́ pátápátá." Mo ní, "Àmín, Bàbá." Wọ́n ní, "Ṣé ó ku nǹkan kan lọ́kàn rẹ sí mi?" Mo ní kò sí.

Wọ́n ti ń lọ. Wọ́n tún yí padà, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Etí rẹ náà gbọ́ ọ, àbí? Ó ní ìlú náà wà."

Mo wo ojú wọn. Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, Bàbá. Ó wà."